Olú Tí Mo Fi Ọ̀bẹ Gé

Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú ní Ìbàràpá, tí oòrùn sì yọ lé e lórí, òórùn kan máa ń ti inú ilẹ̀ oko jáde tí mi ò lè ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ rí. Ìyá ọkọ mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé imú sókè, wọ́n á ní, "Olú ti yọ." Wọn kì í ṣì í. Abà kan láàárín Èrúwà àti Igbó-Ọrà ni a ń gbé nígbà náà. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama, mo sì gbà pé kò sí ohun tí tíṣà kò mọ̀. Ojú ìyá ọkọ mi ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran.

Kò sí olú tí wọn kò mọ ibùgbé rẹ̀. Wọ́n mọ èyí tó ń hù lára igi tó ti kú, tó le bí awọ. Wọ́n mọ wẹ́wẹ́ tó máa ń bo ilẹ̀ lọ salalu. Àmọ́ ti ìdí ọ̀gán ni ààyò wọn, torí ó dùn bí ẹran. Orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, gbòǹgbò rẹ̀ sì gùn lọ sísàlẹ̀ títí dé ilé ikán. Ọ̀kan wà tó funfun bíi tirẹ̀, ibi tí màlúù bá sùn sí ló fẹ́ràn, kò ní gbòǹgbò kankan, májèlé ni. "Má gé olú o," ni wọ́n máa ń sọ fún mi, "wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò." Bí mo bá dé, wọ́n á fi ọwọ́ wá gbòǹgbò ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a tó gbé ìkòkò kaná.

Ní Sátidé kan, ọ̀bẹ ni mo mú lọ. Mo ti rí obìnrin kan lórí fóònù tó ń fi ọ̀bẹ gé olú, ó mọ́ tónítóní, ó sì wù mí. Mo gé ti ìdí ọ̀gán. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo gba ibi tí àwọn darandaran ti kó màlúù wọn kúrò, mo rí òmíràn níbẹ̀, funfun, ńlá. Mo ní irú kan náà ni, mo gé e kún un. Ojúkòkòrò ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ìyá ọkọ mi ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ ọ̀kan wò, wọ́n yẹ èkejì.

"Ìyàwó mi, gbòǹgbò wọn dà?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Mo ti gé e dànù létí odò, Màámi. Erùpẹ̀ pọ̀ jù lára rẹ̀."

"Ṣé o rí gbòǹgbò gbogbo wọn?"

"Mo rí i, mà."

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ fún mi. Mo fi ata àti irú sè é. Ọkọ mi wà ní Ìbàdàn, èmi sì ń san ààwẹ̀ tí mo jẹ sílẹ̀, nítorí náà, ìyá ọkọ mi nìkan ló jẹun. Kí a tó kírun Alásárì, wọ́n ti ń bì. Mo sáré wọ ilé ìdáná lọ wo ọ̀kan tí mi ò tíì sè. Abẹ́ rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé, kò sì sí ṣóńṣó lórí rẹ̀. Mo dì í mọ́ etí ìró mi.

Mo pe ọlọ́kadà kan, àárín èmi àti òun ni a gbé ìyá sí. Mo di ikùn wọn mú, mo ń gbọ́ bó ṣe ń fà lábẹ́ ọwọ́ mi. Ara wọn tutù. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí àdúrà kankan. Ọlọ́kadà ní, "Ẹ máa pè wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn." Mo ń pè wọ́n, wọ́n ń jẹ́ "hùn", títí wọn kò fi jẹ́ mọ́, tí mo pariwo, tí wọ́n tún wá jẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bèèrè ohun tí wọ́n jẹ. Mo ní olú ni. Ìyá ọkọ mi gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kì í ṣe olú náà," ni wọ́n wí. "Ti ìdí ọ̀gán ni. Ìyàwó mi rí gbòǹgbò wọn."

Nọ́ọ̀sì ní a jẹ́ pé bóyá omi tí a ń mu ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò tíì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìgbàgbọ́ tí wọ́n ní nínú mi ló fẹ́ pa wọ́n yìí. Mo tú etí ìró mi, mo gbé olú náà sórí tábìlì.

"Èmi ni, nọ́ọ̀sì. Ọ̀bẹ ni mo fi gé e. Mi ò rí gbòǹgbò kankan. Mo purọ́ fún wọn."

Nọ́ọ̀sì yí olú náà wò, ó ju bírò sílẹ̀, ó lọ pe dókítà. Wọ́n fa omi sí ìyá lára, wọ́n sì dúró tì wọ́n. Ìyá ọkọ mi dijú, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo ń ka mímí wọn. Oòrùn ti wọ̀ tán kí ọwọ́ wọn tó wá mi kàn.

"O ti ṣínu?"

Mo ní mi ò tíì ṣínu. Wọ́n ní kí n lọ wá omi mu. Ẹkún tí mo sun níbi ẹ̀rọ omi yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ.

Ìyá ọkọ mi padà sílé ní ọjọ́ kẹta. Láti ìgbà náà, bí ọmọ kíláàsì mi bá bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀, mo máa ń sọ fún un pé mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín, ojú sì máa ń tì mí díẹ̀. Ìtìjú kò pààyàn. Irọ́ tí mo fi bò ó ló fẹ́ gba ẹ̀mí ìyá ọkọ mi.