Àpótí Kọ̀ǹpútà Tí Atẹ́gùn-ò-ráyè Kàn

Káfíńtà kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó jẹ́ pé bó bá kan ilẹ̀kùn, abẹ́rẹ́ kò lè rí ibi gbà wọlé. Àwọn oníbàárà wá ń pè é ní Atẹ́gùn-ò-ráyè, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan. Wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá ní, kó má wulẹ̀ yọjú. Àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún rédíò ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jọ fún un: ojú rẹ̀ láti ibi kan, bọ́tìnnì láti ibòmíì, bátìrì àti fáànù kékeré láti inú èyí tó ti kú. Ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí tábìlì, ó tàn án. Ìhòòhò ló wà o, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

"Ó ku aṣọ tó máa wọ̀," ni ó wí. "Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àpótí oníke rẹ̀."

Atẹ́gùn-ò-ráyè rẹ́rìn-ín. "Oníke kẹ̀? Nínú ilé tèmi? Àna mi, gbé e fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí dá ihò sí i o. Fáànù yẹn gbọ́dọ̀ mí."

"Ihò, lára iṣẹ́ mi? Ṣé ikán ni mí ni?"

Ó fá pákó títí tó fi fẹ́lẹ́, ó mú igun wọnú igun láìkan ìṣó, ó fi gúlù dì í, ó kùn ún títí tó fi ń dán bíi dígí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọmọ tàn án, ó ń tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń kérora, pákó gbóná, ojú rẹ̀ ṣú. Wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n tún tàn án; ó tún dákú.

"Bàbá wa, àpótí yín rẹwà," ni ìyàwó káfíńtà wí. "Ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí àga lọ́hùn-ún, á fi jókòó."

Ọmọ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó mú aṣọ tó ti lọ̀ sílẹ̀ de iṣẹ́, ó rọra fi kọ́ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Atẹ́gùn-ò-ráyè wo aṣọ yẹn. Ó lọ gbé dírílì. Ó dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, ó lu ihò àkọ́kọ́, ó sì mí kanlẹ̀. Nígbà tó kúkú ti bà á jẹ́, ó to àwọn ìyókù yí i ká bí òdòdó. Kọ̀ǹpútà mí, kò sì dákú mọ́.

Nígbà tí ọmọ dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Bàbá mi, ọ̀gá wa ní kẹ́ ẹ bá òun kan irú ẹ̀. Ó ní àwọn ihò yẹn ló wu òun jù."

Káfíńtà wúkọ́ díẹ̀. "Sọ fún un kó ní sùúrù. Ihò yẹn gan-an niṣẹ́ wà."

Àna rẹ̀ jókòó síbẹ̀. Ó kàn gbójú sókè, ó ń wo àjà.