Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Lẹ́nu Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Èmi ni mo gbé iná dé ìsọ̀ gaàrí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Erio. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ní èéfín ẹ̀rọ dísù tó fi ń rin ẹ̀gẹ́ fẹ́ pa òun. Mo yọ ẹ̀rọ dísù náà kúrò, mo fi mọ́tò iná rọ́pò rẹ̀, mo sì kan àpótí tó ń darí rẹ̀ mọ́ ògiri. Kò sí nǹkan kan lára mọ́tò yẹn tó ń wò ó bó ṣe ń yí. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá ni àpótí ń wọ̀n, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí mọ́tò ṣe ń sáré tó. Bí ẹ̀gẹ́ bá há, iná á lé sókè lójijì, àpótí á sì pa mọ́tò kó má baà jóná.

Ó ń pa á jù. Nígbà mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sì fi fóònù pè mí ní Ìjerò níbi tí mo ń gbé: "Àbúrò mi, ó tún ti kú o." Ó sú mi. Lọ́jọ́ kan mo yí ètò rẹ̀ padà: bó bá kú, kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kó tún ara rẹ̀ tàn. N kò sọ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wá sí Erio, mo wà lágbàlá lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo gbọ́ tí mọ́tò dákẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ju igi tó fi ń ti ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ dé ìgúnpá, ó ń fa èyí tó há.

Mo kígbe:

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ yọwọ́ yín!"

"Ó ti kú," ló fi dá mi lóhùn, kò tilẹ̀ wò mí.

"Kò kú! Ẹ yọ ọ́!"

Mo sáré lọ bá a. Àpótí yẹn ò lójú. Kò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀gẹ́. Ìgbà tí mo kígbe lẹ́ẹ̀kẹta ni inú bí i, ó yọwọ́ kó lè bá mi wí. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá pé, ẹ̀rọ bú ramúramù. Ó gbá etí apá aṣọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ mú, ó fà á wálẹ̀. Aṣọ wé mọ́ ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ̀rọ, iná lé sókè, àpótí tún pa mọ́tò. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mo fò mọ́ ògiri, mo fa súìṣì ńlá tó ń gé iná wálẹ̀.

Ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ la fi gé aṣọ náà. Ìgúnpá rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ pé. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó sórí àpò.

"Ta ló ní kó máa jí fúnra rẹ̀?" ló bi mí.

Mo lè sọ pé iná ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni ì bá mọ̀?

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo yí i, n kò sì sọ fún yín."

Ó ní, "Torí pé mò ń pè ọ́ jù?"

Mo dìde, mo ṣí àpótí.

Ọjọ́ náà gan-an ni mo pa ètò yẹn rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ báyìí, á pa súìṣì, á fi àgádágodo tì í, á sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ tún mọ́tò ṣe, ẹ̀gbọ́n mi á kọ́kọ́ bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ yí padà. Mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́ lójijì níbikíbi, àyà mi ṣì ń já.