Ìpè Tí Olúsọjí Ò Gbọ́

Aṣọ́gbó ni Olúsọjí Ayẹni fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, tí òun àti Ọmọ́bọ́láńlé ìyàwó rẹ̀ wá ń gbé ní Bódìjà. Ìbọn àtijọ́ ló ń lò, èyí tí wọ́n máa ń fa irin abẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà, kí ọta mìíràn tó wọlé. Kò fi nǹkan kan dí etí rí tó bá ń yìn ín. Díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ di.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó síta, ó ń fi epo nu ìbọn náà. Ìyá Prosper, aládùúgbò wọn, sáré wá bá a, ó gbá a léjìká.

"Bàbá, ìyàwó yín ń pariwo pè yín!"

Ilẹ̀ ilé ìdáná ni wọ́n ti bá Ọmọ́bọ́láńlé. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Olúsọjí kó ìbọn náà fún ọlọ́pàá, ó sì kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Prosper.

"Kí ló ń sọ nígbà tó ń pè mí?"

"Ó ní, 'Bàbá Ìrẹ̀mídé, ẹ wá gbé mi dìde.'"

Ó gbé etí ọ̀tún sún mọ́ ọn. "Jọ̀ọ́, tún un sọ."

Ìyá Prosper ń tún un sọ títí tó fi bú sẹ́kún. "Gbé mi" nìkan ni Olúsọjí gbọ́.