Aago Ẹnu Ọ̀nà Sùwéébátù

Obìnrin kan wà ní àdúgbò Koumassi Remblais tí wọ́n ń pè ní Sùwéébátù. Bí ẹ bá rí i níta, ẹ ó sọ pé ara rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń hó bí omi ẹ̀kọ. Ó ń jowú ni.

Sìrájù ọkọ rẹ̀ ń ta wáyà àti bátìrì ní ọjà Adjamé. Lọ́jọ́ Sunday, á gbé tábìlì kékeré sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi òjé lẹ wáyà mọ́ wáyà, á fi ṣe rédíò, á fi ṣe fìtílà. Kì í ṣe fún títà, ìgbádùn ara rẹ̀ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ṣe é, Sùwéébátù kò sì bìkítà, àfìgbà tí Fàìzà, ìyàwó kékeré, wọlé. Ọmọ yìí gbé àga ti tábìlì, ó ní kí ọkọ òun kọ́ òun. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín àwọn méjèèjì fi ń dé ilé ìdáná, níbi tí ìyálé ti ń din ẹja tí wọn ó fi jẹ attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe.

Ìgbà náà ló sọ pé òun náà fẹ́ kọ́ ọ. Sìrájù rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, kí kálukú ṣe sonnette kan, aago tí àlejò ń tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tó bá wu òun jù lòun ó kàn síwájú ilé. Èkejì á lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ àwọn adìẹ.

Sùwéébátù gbọ́ "adìẹ", ó búra nínú ara rẹ̀ pé kò ní jẹ́ tòun.

Irin tí wọ́n fi ń ṣe é tẹ́ẹ́rẹ́ bí bírò, iná mànàmáná ló ń mú ṣóńṣó rẹ̀ gbóná. Òjé náà rí bí òwú tí wọ́n ká jọ. Sùwéébátù á fi òjé kan ṣóńṣó irin, bó bá ti yọ́, á gbé e lọ pa wáyà lára bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Á dì ní kóró-kóró, á ṣú dùdù, bó bá sì fọwọ́ kàn án, á já. Ti Fàìzà ń dán, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Fàìzà á máa wò ó láti ìhà kejì tábìlì, kò ní sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló dun ìyálé jù. Ó ní ọmọ yìí ń fi òun ṣẹ̀sín nínú.

Nígbà tó di Sunday tí wọ́n dá, Sìrájù lọ kí ẹnì kan ní Attécoubé, ó ní bóun bá dé, aago lòun ó tẹ̀. Ti Fàìzà ti ń kọrin. Ti Sùwéébátù yadi. Ó tún un lẹ̀, ó tún já.

"Fàìzà, kí lo fi sí irin yìí?"

"Mi ò fi nǹkan kan sí i, Ìyá Tasneem."

"O ń wò mí láti àárọ̀ bí ẹni ń wo sinimá. O mọ ohun tó ṣe é."

Fàìzà kúnlẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ìyálé mi. Ṣé èmi ni màá sọ fún yín pé ẹ ò ṣe é dáadáa? Bí ìyá mi bá gbọ́, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

Òótọ́ ni. Ká ní ó sọ ọ́ ni, Sùwéébátù ìbá ti gbá a létí. Ṣùgbọ́n bó bá bi í báyìí, ó gbà pé ọmọ náà ju òun lọ nìyẹn. Bí kò bá sì bi í, ọ̀dọ̀ adìẹ ló kù. 

"Dìde. Sọ ọ́."

Fàìzà ní wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi irin mú gbóná. Kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀, kí wọ́n wá fi òjé kan wáyà fúnra rẹ̀, òjé á sá tọ ooru lọ. Sùwéébátù ṣe bẹ́ẹ̀. Òjé ṣàn bí epo, ó dán gbinrin. Ó fà á, kò já. Ó tẹ aago, aago ké.

Sìrájù dé, ó tẹ méjèèjì, ó ní c'est bon, ó dáa, ó bi ìyálé pé ta ló kọ́ ọ. Fàìzà dorí kodò. Ì bá rọrùn fún Sùwéébátù láti sọ pé òun fúnra òun ni.

"Ìyàwó yín ló kọ́ mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n tèmi lẹ máa kàn síwájú."

Sìrájù kàn án síwájú lóòótọ́. Àmọ́ kó tó mú òòlù, ó kọ́kọ́ bojú wo Fàìzà, ó rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń ta Sùwéébátù lára títí dòní, àwọn àlejò tí ń tẹ aago rẹ̀ kò sì mọ̀.