Kókó Tí Mi Ò Tú

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ mọ́tò, nítorí náà bí mo bá ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu ni màá ṣe kọ ọ́. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ló ṣì wà láyé, àfi ẹnì kan.

Ọ̀gá mi ní Ìsẹ́yìn ní píkọ́ọ̀pù kan tí mo fi ń kó iṣu àti ẹ̀gúsí láti àwọn oko tó wà nínú igbó lẹ́yìn Komu. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí katakátá ìjọba là. Ojú ẹsẹ̀ táyà méjì ló wà láàárín koríko, àárín rẹ̀ sì ga tó fi máa ń ha abẹ́ mọ́tò. Bí o bá bọ́ lọ́wọ́ òkúta, wàá kó sínú yanrìn. Bí o bá bọ́ lọ́wọ́ yanrìn, odò tó ti gbẹ ń dúró dè ọ́, etí rẹ̀ dá gééré bí ẹni fi àdá gé e. Èèyàn lè wakọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí kó má pàdé ẹnì kankan, àfi Fúlàní pẹ̀lú màlúù rẹ̀.

Èmi nìkan ni mo máa ń lọ. Ọ̀gá mi kò gbà kí n gbé ẹnikẹ́ni dání. Ó ní àyè èèyàn kan, àyè àpò ẹ̀gúsí méjì ni, èèyàn ò sì ṣeé tà. Ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀mí mi ṣeré. Ní àárọ̀ tí mo bá ń wọ igbó, á jókòó sórí àpótí pẹ̀lú pákò lẹ́nu, á máa bi mí.

"Omi?"

"Kẹ́ẹ̀gì méjì, sà."

"Ti rèdíétọ̀ ni, àbí èyí tí o máa mu lò ń kà fún mi?"

"Ọ̀kan fún rèdíétọ̀, ọ̀kan fún èmi."

"Jáàkì?"

"Ó wà níbẹ̀, òun àti pákó rẹ̀." Pákó náà la máa ń tẹ́ sábẹ́ jáàkì kó má baà rì sínú yanrìn.

"Gààrí?"

"Mo ti jẹun, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ọwọ́ tí ebi ń pa kì í mú sípánà dúró. Lọ bu gààrí."

Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe bá a dé orí táyà, pọ́ǹpù, ọkọ́, àdá, títí kan bẹ́líìtì fáànù tuntun tó wà nínú bébà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó máa ń fi parí ẹ̀ ni pé, "Ó ku ti bàbá." Màá ní, "Mo mọ̀, sà."

Bàbá tó ń wí ń gbé níbi tí ọ̀nà oko ti yà kúrò lára ọ̀nà Komu. Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀, kó tó gbé ìbọn tì, tó wá ń gbin iṣu àti ọkà bàbà. Okùn mẹ́rin ló so rọ̀ lára òpó ìloro rẹ̀, ti àwa awakọ̀ mẹ́rin tó ń wọ igbó náà. Bí o bá ń wọlé, o ó dúró kí i, o ó sọ oko tí ò ń lọ fún un, o ó sì ta kókó kan sí okùn rẹ. Bí o bá ń jáde, o ó tú u. Bí oòrùn bá wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kókó ṣì wà níbẹ̀, á rán àwọn ọmọ rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á gbé omi, wọ́n á wá ọ lọ.

Ẹnìkan kì í bá ẹnìkejì tú kókó. Kí n tó dé ẹnu iṣẹ́ yìí, awakọ̀ kan wọlé, ẹnì kan wá sọ pé òun ti rí i lọ́jà, ni wọ́n bá bá a tú tirẹ̀. Ẹni tó jọ ọ́ lẹni yẹn rí. Áásì mọ́tò rẹ̀, irin tó di táyà mú, ló ṣẹ́ nínú igbó. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó rí i, ó ti kú. Láti ìgbà náà ni bàbá ti sọ pé ẹni tó bá ta kókó ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, bó tiẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn jáde, kó gun kẹ̀kẹ́ padà wá.

Ó fẹ́ràn àtimáa fi mí ṣẹ̀sín. "Ọmọ Ìsẹ́yìn, o ta okùn yìí bí ẹni ń so ewúrẹ́. Ṣé ó máa sá ni?"

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, Bàbá."

"Má bẹ̀rù mi. Òkú awakọ̀ wúwo, mi ò lágbára àtigbé e mọ́."

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kó di Iléyá ni mo wọlé, nígbà ọyẹ́. Ẹ̀gúsí kan ló ṣẹ́ kù lóko, ọ̀gá mi sì fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ kí iná igbó tó dé. Nígbà tí mo dúró lọ́dọ̀ bàbá, àwọn ará ilé rẹ̀ ń di ẹrù. Komu ni wọ́n ń lọ ṣe ọdún.

"Lónìí náà?" ni bàbá wí. "Ṣé wọn ò ra àgbò nílé ọ̀gá ẹ ni?"

"Wọ́n rà, Bàbá. Màá jáde kí oòrùn tó wọ̀."

"Ó dáa. Àwọn wọ̀nyí á máa lọ. Tí o bá ti jáde, èmi náà á tẹ̀lé wọn."

Mo gbọ́ ọ. Etí méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Mo kó ẹ̀gúsí, mo yí padà. Nígbà tí oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀, mo gbọ́ ìró kan bí ẹni na pàṣán, iná pupa sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bẹ́líìtì fáànù ti já. Mo pa mọ́tò kí ó tó gbóná jù. Ẹ̀rù kò bà mí. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, kí n má parọ́, torí gbogbo ohun tí ọ̀gá mi ń bi mí láràárọ̀ ló wà lẹ́yìn mọ́tò. Bóòtù kan tó ti dípẹtà ló fìyà jẹ mí. Mo da epo sí i, mo jókòó, mo mu gààrí, mo padà sí i. Nígbà tó tú, èékánná ọwọ́ mi méjì ti ya. Mo fi bẹ́líìtì tuntun sí i, mo bu omi sí rèdíétọ̀, mo ju ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ́ńjìnì dún. Mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan nínú igbó.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ti òsì ló lọ sọ́dọ̀ bàbá, òun ló burú. Ti ọ̀tún bọ́ sí ọ̀nà Ìgànná, ó tẹ́jú, kíá lo ti dé Ìsẹ́yìn. Oòrùn ti ń lọ. Mo ní fìlà òfì kan lọ́dọ̀ aránfìlà, bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, orí òfìfo ni màá gbé lọ sí yídì lọ́jọ́ kejì. Ohun tó fà á nìyẹn. Fìlà ni.

Mi ò gbàgbé kókó náà. Àwọn kan ti sọ fún mi pé mo ti gbàgbé ni, wọ́n fẹ́ fi bá mi wí àwíjàre. Mi ò gbàgbé. Mo dúró ní oríta yẹn, ẹ́ńjìnì ń dún, mo ní nínú ọkàn mi pé bàbá á ti lọ sí Komu o jàre, ta ló máa jókòó ti okùn lọ́jọ́ ọdún. Mo ní tí ọdún bá ti kọjá, màá mú ẹran dání wá, màá wá tú u. Mo yà sọ́tùn-ún.

Mo bá fìlà. Mo dé e lọ sí yídì. Mo jẹ ẹran àgbò lọ́jọ́ ọdún, mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá mi bi mí pé, "Ti bàbá ńkọ́?" Mo ní ó ti parí.

Ní ọjọ́ kẹrin ọdún ni mo padà, ẹran wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí èrò níwájú ilé bàbá. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi. Ó sáré pàdé mọ́tò, ó di ọwọ́ mi mú lójú fèrèsé.

"Ọmọ náà yè," ni ó ń wí fún wọn. "Ẹ wá wò ó, ó yè."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àkọ́bí rẹ̀. Bàbá kò wá sí Komu. Wọ́n retí rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, wọ́n retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní bóyá ara ló ń ro ó. Àná ni àkọ́bí padà wá wò ó. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì, kẹ̀kẹ́ bàbá kò sí níbẹ̀, kókó mi wà lára okùn. Ó yé e pé bàbá ti dúró títí oòrùn fi wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì rí ọmọ kankan rán, ló bá gun kẹ̀kẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, àfi bí àwọn Fúlàní ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ nísinsìnyí pé àwọn rí i nínú odò gbígbẹ kan, ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lè dìde.

"Ìwọ níbo lo wà láti ọjọ́ yìí?" ni àkọ́bí bi mí.

"Mọ́tò ló bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. Bẹ́líìtì já."

Ẹ wò ó, irọ́ kọ́. Ó já lóòótọ́. Mo wá mọ̀ lọ́jọ́ náà pé òótọ́ lè burú ju irọ́ lọ.

Mọ́tò mi la fi lọ gbé e. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ wà lórí rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi sì ti yí lọ jìnnà sí i níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó ti sùn níbẹ̀ fún òru méjì nínú ọyẹ́, oòrùn sì ti pa á lára. Ètè rẹ̀ là bí ilẹ̀ àbàtà tó gbẹ. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, àwọn ọmọ rẹ̀ gbá a mú, mo ń wakọ̀. Bí táyà bá ti bọ́ sí kòtò ni màá gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ń lọ jẹ́jẹ́, àkọ́bí ń pariwo láti ẹ̀yìn pé kí n yára. Mo yára, ohùn náà pọ̀ sí i. Ọ̀nà Ìgànná tó tẹ́jú la gbà.

Ní ọsibítù ní Ìsẹ́yìn, lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n pè mí. Ojú rẹ̀ ti kéré.

"Dẹ́rẹ́bà."

"Bàbá."

"Ṣé o jẹ ẹran Iléyá?"

Mo ní, "Mi ò jẹ, Bàbá."

Ó wò mí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Tí ẹ bá délé, ẹ bu tèmi fún un." Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà ló kú.

Mo lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ní Komu. Àwọn alùfáà kéwú, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, gbogbo èèyàn ṣe àmín. Mo ṣe àmín. Nígbà tí èrò ń tú ká, ìyàwó bàbá pè mí sínú yàrá. Ó gbé àwo kékeré kan fún mi, ẹran àgbò mẹ́ta, ó ti yan wọ́n gbẹ.

"Tìẹ rèé," ni ó wí. "Ó ní ká bù ú fún ọ."

Mo gbé àwo náà dání. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí, ó ń dúró kí n jẹun.

Mo ní, "Ìyá, ilé ni mo wà lọ́jọ́ Iléyá. Mo gba ọ̀nà Ìgànná lọ. Mo jẹ ẹran."

"Mo mọ̀," ni ó wí.

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá ẹ rí ibi tí mọ́tò ti dúró. Ó rí bẹ́líìtì tí o jù sílẹ̀. Ó wo ojú táyà títí dé oríta, ó rí i pé o yà sí ọ̀nà Ìgànná. Ṣé o mọ̀ pé ọdẹ ni. Ó ní inú òun dùn pé o ti délé. Ó ní òun fẹ́ gba àbùjá padà, kí òun tètè dé Komu kí a má jẹ ẹran tán." Ó fi etí ìró nu imú. "Ibi àbùjá yẹn ló ti ṣubú."

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Ó ní a ò gbọdọ̀ bi ọ́."

Ohùn àwọn tó ń fọ abọ́ wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ó na ọwọ́ sí àwo náà, mo rò pé ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ńṣe ló tì í sọ́dọ̀ mi.

"Jẹ ẹ́," ni ó wí. "Mi ò ní gbé e padà."

Mo jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó le, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì dúró tì mí títí mo fi gbé èyí tó kẹ́yìn mì.