Bí Ìyá Mi Ṣe Lóṣòó Létí Adágún ní Jọ́ọ̀sì

Lọ́dún tí náírà dé, akọ̀wé ni mí ní rélùwéè Òṣogbo, wọ́n sì fún mi ní páàsì ìsinmi, èyí tí òṣìṣẹ́ àti ẹbí rẹ̀ fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́. Èkó ni mo fẹ́ lọ. Kí n lọ jẹ ayé díẹ̀, kí n wo sinimá, àbí kí ni mo ń ṣiṣẹ́ fún? Ìyá mi ló ní kò sí ohun tó jọ ọ́.

"Jọ́ọ̀sì là ń lọ. Yèyé ò ríran dáadáa mọ́, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ wá fojú kan ìyá wa kí ọlọ́jọ́ tó dé. Àfi bí n ò bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà!"

Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ti kó aṣọ lọ tà lókè Ọya kí wọ́n tó bí mi, kò sì padà wá sí Ìwàrà, ìlú wa, mọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ohun kan náà ló máa ń ránṣẹ́: ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí a dé Jọ́ọ̀sì, irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní ìlú náà kò dùn ún wò. Òkè yí i ká, àpáta gorí àpáta bí àkàrà tí wọ́n tò sínú àwo. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ débi pé kóòtù ni mo wọ̀ sùn. Bọ̀dá, bí ìyá mi ṣe ń pè é, yọ̀ mọ́ wa gan-an. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ti ní, "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ Yèyé yìí," kíá ni yóò dìde: "Ẹ jẹ́ ká lọ wo òkè kan." Lọ́jọ́ kejì, ó mú wa lọ wo oko pòtétò. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ṣé pòtétò la wá wò ni?

Níjọ́ tó kẹ́yìn, adágún ló mú wa lọ. Ihò tí àwọn òyìnbó ti wa kùsà tẹ́lẹ̀ ni, òjò ti kún un, omi rẹ̀ mọ́ lóló, o sì ń rí òkè nínú rẹ̀ kedere. Bọ̀dá ń nàka síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà!"

Ìyá mi kò wo omi. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó lóṣòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bọ̀dá mọ ohun tó ń ṣe. Bí oníbàárà tó jẹ gbèsè aṣọ bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ wa, ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní jókòó, wọn ò sì ní dìde, títí yóò fi dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe káàkiri nìyẹn.

"Dìde, jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa délé."

"Mo ṣáà ní lọ́dún tó ń..."

"Ọdún wo? Ṣé ẹ ti bá ọlọ́jọ́ sọ ọ́ ni?"

Bọ̀dá ń rìn síwá sẹ́yìn. Oòrùn kanrí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá mi ń gbọ̀n. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní kí n fà á dìde, ló bá ní bí mo bá tún fọwọ́ kan òun, òun á gbá mi létí. Èmi géńdé ọkùnrin! Mo yáa gba ẹ̀yìn lọ.

Nígbà tó yá, ohùn Bọ̀dá wálẹ̀. "Ojú ló ń tì mí. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ti kọ́lé sí Iléṣà. Kí ni n ó gbé dé iwájú Yèyé?"

"Ẹ gbé ara yín wá!" Ẹkún ti gba ẹnu ìyá mi, síbẹ̀ kò dìde, àfi ìgbà tó gbọ́ pé, "Ó dáa, a jọ ń lọ ni."

Nígbà tí a dé Ìwàrà, orí ẹní la bá Yèyé. Ó fọwọ́ wá ojú ọmọ rẹ̀, ó wá imú, ó wá àgbọ̀n. Gbogbo wa ń sunkún, òun nìkan ni kò sunkún. Ó bi í léèrè ibi tó wà látọjọ́ yìí. Bọ̀dá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn Jọ́ọ̀sì fún un: òkè, adágún, atẹ́gùn tútù. Yèyé gbọ́ ọ tán pátápátá.

"Ó mà dára o," ó ní. "Kí ló wá dé tí o ò mú mi lọ?"