Ajá Tí Ìyá Mi Pè Ní Dàda

Òòyà irin náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Ìjẹ̀gùn ló fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tó jápa. Ó fún mi ní òòyà, ó fún mi ní ajá rẹ̀, ó sì sunkún díẹ̀ lé mi léjìká. Ajá funfun kékeré ni, irú èyí tí irun máa ń bo ojú rẹ̀ tí èèyàn kò fi ní mọ ibi tó ń wò.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ojoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa ya irun ẹ̀. Kó dé awọ ara o, kì í ṣe òkè òkè. Ẹ̀yìn etí, abẹ́ apá, àárín itan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo kókó tó bá wà níbẹ̀, torí tómi bá ti kàn án, ó máa dì pa ni.”

Mo ní mo ti gbọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ó sì yẹ kí n ti mọ ohùn ẹni tí kò gbọ́ ṣùgbọ́n tó ń sọ pé òun ti gbọ́.

Mo ya irun rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde lọ síléèwé ní Ẹgbẹ́dá, ilẹ̀ á sì ti máa ṣú kí n tó padà. Ẹrẹ̀ àdúgbò wa kò ṣeé fẹnu sọ. Ajá á jáde sí àgbàlá, á yí nínú ẹrẹ̀, èmi náà á bu omi sí i lára, n ó fi ọṣẹ sí i, n ó ṣàn án, bí mo ṣe ń fọ ẹsẹ̀ ara mi. N kò ya á kí n tó wẹ̀ ẹ́, n kò sì ya á lẹ́yìn rẹ̀. Òòyà padà sínú ọ̀rá. Kókó kan yọ lẹ́yìn etí rẹ̀, kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Òmíràn yọ lábẹ́ apá. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, wọ́n ti wá ara wọn rí, ara ajá ti di ẹní.

Ní Sátidé kan, mo mú sísọ́ọ̀sì. Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Kí lo fẹ́ fìyẹn ṣe?”

“Mo fẹ́ gé irun ajá yìí ni, màámi. Àbí ẹ ò rí i bó ṣe rí ni?”

“Mo rí i. Dàda ni. Fi sílẹ̀ jàre.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ajá kì í ya dàda. Ó gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀wà, ó bi mí pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ̀rín mi gbẹ lójú ẹsẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tó ń rí nígbà tó ń wo ajá náà.

Dàda ni àbúrò mi obìnrin. Pẹ̀lú irun tó ta kókó ló wáyé, a kì í sì í ṣàdédé gé irun irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ní ohun tí wọ́n ń sè fún wọn, irun tí wọ́n bá gé kì í sì í ṣe ohun àdànù. Àdúgbò Àgbàdo là ń gbé nígbà náà. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ iléèwé, wọ́n ní irun rẹ̀ dọ̀tí. Bàbá mi, oníṣẹ́ ìjọba tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ láìsọ fún ìyá mi. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ibà gbé e dè. Ó kú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni.

Ìyá mi kò pariwo lé bàbá mi lórí. “Ẹ̀yin lẹ gé e” ni gbogbo ohun tó sọ. Àmọ́ ìgbàkígbà tí ìjà bá dé láàárín wọn, ohun tó máa ń sọ náà nìyẹn, títí bàbá mi fi kú. Ẹ̀yìn ikú ọmọ yẹn ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ funfun lọ sí ìjọ Aládùúrà.

Mo bá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ì bá wù mí kí n sọ pé àánú ìyá mi ló ṣe mí, ó sì ṣe mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí pẹ̀lú, inú mi sì dùn pé n kò ní ṣe é. Ìyá mi fún mi ní àwáwí, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Òun ló wá ń tọ́jú irun náà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á wọ́n omi àdúrà sí i lára, á fi òróró àgbọn pa á, á sì máa kì í bí wọ́n ṣe ń ki dàda. Ajá fẹ́ràn rẹ̀. Orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń sùn. Òróró ń kó eruku, omi ń dì í mọ́ra, èmi sì ń wò wọ́n.

Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í lá abẹ́ apá òsì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Òórùn kan wọ yàrá wa, mo ní eku ló kú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, mo gbálẹ̀, mo da oògùn apakòkòrò Ìsáàlì síbẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi sùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí mo gbé apá rẹ̀ sókè, ìdin já bọ́ sílẹ̀.

Mo purọ́ fún ìyá mi pé abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ lọ gbà fún ajá. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Ìkòtún, ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi dáadáa. Ó fi ìka tẹ ara ajá láti ọrùn dé ìrù.

“Mà, ìgbà wo lẹ ya irun ẹ̀ kẹ́yìn?”

“Ìyá mi ní dàda ni.”

Kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ níbí.” Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé n kò lo sísọ́ọ̀sì, ẹran ara ni ǹ bá gé. Ẹ̀rọ tí àwọn onígẹrun ń lò ló fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, abẹ́ kókó ló ń gbà. Irun náà ṣí kúrò lódindi bí ẹ̀wù. Lábẹ́ rẹ̀, gbogbo awọ ti pọ́n, ó rin. Irun abẹ́ apá ti lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ òsì bí okùn, ó ti jẹ wọnú ẹran débi tí mo rí egungun.

“Irun ara ẹ̀ ló so ó,” dókítà sọ. “Májèlé á ti wọnú ẹ̀jẹ̀. A máa gbìyànjú ṣá.”

Láìsí irun, kò tó ológbò. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀ méjèèjì, èmi ló sì ń wò. Ojú tì mí.

Mo fi ìró wé e wálé. Ìyá mi ṣí ìró náà, ó wò ó, ó tún un bò.

“O gé e,” ló sọ.

Ìdájí ọjọ́ kẹta, ajá náà kú lórí ẹsẹ̀ ìyá mi. Mo sin ín sẹ́yìn fẹ́ńsì. Nígbà tí mò ń fọ ọwọ́, ìyá mi jáde wá.

“Irun ẹ̀ dà?”

Mo ní wọ́n ti dà á nù lọ́hùn-ún.

“Wọ́n gé tàbúrò ẹ, wọ́n dà á nù. Ìwọ náà gé e, o dà á nù.”

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Màámi, kì í ṣe gígé ló pa á. Àìgé ni, pẹ̀lú omi, pẹ̀lú òróró. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí mo bá sọ ọ́, á jókòó, á máa ro gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a lóró lọ́kọ̀ọ̀kan, ìfẹ́ ló sì fi ṣe é. Èmi ni wọ́n fún ní òòyà. Èmi ni wọ́n kìlọ̀ fún.

Ní báyìí, bí ìjà bá dé láàárín wa, bó jẹ́ lórí iyọ̀ ọbẹ̀ pàápàá, á ní, “Ṣebí ìwọ lo gé e.” Mo wá mọ ìdí tí bàbá mi fi máa ń dákẹ́. Wọ́n dá a lẹ́bi ohun tó ṣe. Èmi ń gba ẹ̀bi ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa, èyí tí mo jẹ̀bi gan-an kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Mo máa ń sọ pé, “Ẹ má bínú, màámi.” Á ní òun ti gbọ́.